Títọ́jú alégbà ọ̀dàn nínú ilé: àwọn ìbéèrè tí kì í tán àti ìdáhùn wọn

Irú ẹranko wo gan-an ni alégbà ọ̀dàn?

Alégbà ọ̀dàn ni ẹranko tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Varanus exanthematicus, tí àwọn olóyìnbó tó ń sìn ín sì mọ̀ sí savannah monitor. Ìbátan ni òun àti awọ́nrínwọ́n etí odò, Varanus niloticus, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ láti kékeré. Níbòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n a máa gbé orúkọ èyí fún ìyẹn. Ti ọ̀dàn ni mo ń sọ níhìn-ín, àyàfi ibi tí mo bá ti dárúkọ ti odò.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilé rẹ̀, láti Senegal títí dé Sudan. Gánà, Tógò, orílẹ̀-èdè Benin àti Nàìjíríà sì wà láàárín. Orí rẹ̀ fẹ̀, ọrùn rẹ̀ ki, ìrù rẹ̀ kúrú ju ti odò lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí erùpẹ̀ gbígbẹ tí a to àmì róbótó-róbótó sí lẹ́yìn. Ilẹ̀ ni ó máa ń gbẹ́, inú ihò ni ó sì ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Ẹni tó bá di ọ̀rọ̀ ihò yìí mú ti mọ ìdajì ìtọ́jú rẹ̀.

Báwo ni yóò ṣe tóbi tó, ọdún mélòó ni yóò sì lò?

Ọmọ tuntun rẹ̀ lè jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ yín, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Èyí tó bá dàgbà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 80 sí 110 láti imú dé ìpẹ̀kun ìrù, díẹ̀ nínú wọn sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìtọ́jú bá péye, ó lè lo ọdún 10 sí 15. Ó dùn mí láti sọ pé ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ni kì í dé ìdajì ọjọ́ orí yẹn, kì í sì í ṣe pé ara rẹ̀ kò le. Àìmọ̀ àwa tí a ń sìn ín ni.

Ṣé ó yẹ ẹni tí kò tíì sin irú ẹranko bẹ́ẹ̀ rí, tàbí ọmọdé?

Lójú tèmi, kò yẹ. Owó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń ta ọmọ rẹ̀ ló ń tan ènìyàn jẹ. Owó àgò, iyẹ̀pẹ̀, gílóòbù, iná mànàmáná àti dókítà ẹranko yóò ju owó ẹran náà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, kò sì sí èyí tí a lè yọ kúrò nínú wọn. Ọmọdé lè bá yín fún un ní oúnjẹ lójú yín, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni kí ìtọ́jú rẹ̀ wà ní ọrùn rẹ̀.

Níbo ni àwọn tí wọ́n ń tà ní òkè òkun ti ń wá?

Gánà, Tógò àti Benin ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, Amẹ́ríkà sì wà lára àwọn tó ń rà wọ́n jù. Wọ́n máa ń mú abo tó lóyún nínú ìgbẹ́ kí ó lè yé ẹyin sí ọwọ́ wọn, tàbí kí wọ́n hú ẹyin jáde nínú ilẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n yóò kó àwọn ọmọ ránṣẹ́. Àwọn tí wọ́n bí sínú àhámọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kò wọ́pọ̀ rárá. Bí oníṣòwò bá sọ pé inú ilé ni wọ́n bí tirẹ̀ sí, ẹ ní kí ó fi ìyá rẹ̀ hàn yín.

Èyí tó ti ìgbẹ́ wá máa ń gbé eégbọn àti aràn wá. Ẹ wo ihò imú, ihò etí, abẹ́ apá àti àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá wọlé, kí ẹ sì gbé ìgbẹ́ rẹ̀ tuntun lọ fún dókítà ẹranko kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá ní ẹran mìíràn ní ilé, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún oṣù bíi mẹ́ta.

Báwo ni àgò rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó?

Fún alégbà tó ti dàgbà, mítà 2.4 ní gígùn, mítà 1.2 ní ìbú àti mítà 1.2 ní gíga ni ó kéré jù. Àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja kò yẹ ẹ́: ooru àti ọ̀rinrin a máa sá jáde láti orí rẹ̀, kò sì lè gba iyẹ̀pẹ̀ tó jìn. Pákó líle tí a fi nǹkan tí omi kò lè wọ̀ kùn ní inú ni ó dára, kí a ti òkè rẹ̀ pa, kí a sì dá ihò kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta sí i fún afẹ́fẹ́.

Ẹ tètè kàn án ní títóbi. Àwọn kan máa ń rò pé àwọn yóò máa pààrọ̀ àgò bí ẹran bá ṣe ń dàgbà, ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan ó ti lè gùn ju ìdajì mítà lọ, owó tí wọ́n fi kan àgò kékeré sì ti ṣòfò.

Kí ló dé tí ẹ fi ń tẹnu mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tó jìn tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé ihò ni ó fi ń pa ara rẹ̀ mọ́ láàyè. Lórí ilẹ̀ ọ̀dàn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkè ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ sì gbẹ, ṣùgbọ́n inú ihò tutù, ó sì lọ́rinrin. Nígbà gbogbo tí alégbà bá ń mí ni omi ń jáde lára rẹ̀. Bí kò bá rí ihò tó lọ́rinrin wọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ara rẹ̀ yóò máa gbẹ, omi tó wà nínú abọ́ nìkan kò sì lè dí àlàfo náà. Kíndìnrín ni yóò kọ́kọ́ san gbèsè yìí, èyí tí yóò sì jẹ́ lẹ́yìn oṣù púpọ̀ kí ẹ tó rí àmì kankan.

Sẹ̀ǹtímítà 60 ni kí iyẹ̀pẹ̀ jìn mọ, bí ó bá sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára sí i. Erùpẹ̀ lásán tí kò ní ajílẹ̀ tàbí oògùn kòkòrò, tí a pò mọ́ yanrìn, ni ó dára jù. Ẹ bù ú ní ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un: ó yẹ kí ó dì mọ́ra, kí ó sì fọ́ bí ẹ bá fi ìka tọ́ ọ, kí omi má sì kán láti inú rẹ̀. Yanrìn nìkan yóò wó lé e lórí. Ìfọ́ pákó àti èèpo igi kò ṣeé gbẹ́ ihò sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ti ọwọ́ bọ inú ihò tí tèmi gbẹ́ sí abẹ́ pákó pẹlẹbẹ kan. Òkè iyẹ̀pẹ̀ gbẹ táútáú, ó sì ń gbóná mọ́ mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan sísàlẹ̀, ó tutù bí ẹ̀yìn àmù. Ibẹ̀ gan-an ni ó fẹ̀yìn tì sí, tí ó ń sùn.

Ohun kan tí àwọn tó ń gbé ilé alájà gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé iyẹ̀pẹ̀ inú irú àgò yìí yóò wúwo tó tọ́ọ̀nù 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ kọnkéré ni ó yẹ kí àgò náà jókòó lé. Ẹ má ṣe gbé e sí orí ilẹ̀ onípákó ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ooru wo ni ó nílò?

Ó nílò ooru tó ju èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lérò lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní gbogbo ibi. Ojú ibi tí ó ti ń yá oòrùn yẹ kí ó tó 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìpẹ̀kun kejì àgò yẹ kí ó wà ní 25 sí 28, kí ẹran náà lè máa lọ, kí ó sì máa bọ̀ láàárín méjèèjì bí ara rẹ̀ bá ṣe fẹ́. Ní òru, kí ó má ṣe lọ sí ìsàlẹ̀ 21. Alégbà tí ara rẹ̀ kò gbóná tó kò lè da oúnjẹ, bí ó ti wù kí oúnjẹ náà dára tó.

Gílóòbù halogen (irú gílóòbù tó ń mú ooru púpọ̀ jáde) méjì tàbí mẹ́ta tí agbára wọn kò pọ̀, tí a tò sún mọ́ ara wọn, sàn ju ẹyọ kan tó lágbára lọ, nítorí pé ooru gbọ́dọ̀ kárí láti orí dé ìdí ìrù. Gílóòbù ẹyọ kan lè jó ẹ̀yìn ẹran náà nígbà tí ìyókù ara rẹ̀ ṣì tutù, tí kò sì ní kúrò níbẹ̀ nítorí pé kò tíì yá. Òkúta oníná tí wọ́n ń tà fún àwọn ẹranko afàyàfà ti jó ikùn ọ̀pọ̀ ẹran; ẹ má rà á. Ẹ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru tí a ń nà sí ojú nǹkan bí ìbọn wọn ibẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ díwọ̀n.

Ṣé dandan ni iná UVB? Ṣé oòrùn ojú fèrèsé kò tó?

Dandan ni lójú tèmi. Ìtànṣán UVB, ìyẹn apá kan nínú ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí, ni ara fi ń ṣe fítámìnì D3, òun ni ara sì fi ń gba kálísíọ́ọ̀mù sí eegun. Oòrùn tó bá gba inú gíláàsì fèrèsé kọjá ti pàdánù UVB rẹ̀; ooru nìkan ló kù. Ẹ lo túùbù UVB gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń pè ní T5, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ gílóòbù ooru kí ìmọ́lẹ̀ àti ooru lè wá láti ibì kan náà, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nítorí pé UVB inú rẹ̀ máa ń tán kí iná rẹ̀ tó kú.

Àwọn tó wà ní Nàìjíríà tàbí Benin kò nílò gbogbo èyí bí wọ́n bá lè mọ ọgbà sí ìta. Kí ìpìlẹ̀ ògiri ọgbà náà jìn wọ inú ilẹ̀, nítorí pé yóò gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ jáde. Kí apá kan sì ní ìbòòji ní gbogbo ọjọ́.

Kí ni ó ń jẹ?

Kòkòrò àti ìgbín ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ohun tí alégbà ọ̀dàn ń jẹ nínú ìgbẹ́ wò ní Senegal àti ní Gánà, ọ̀kùn, ìgbín, ìrẹ̀, tata, ọ̀bọ̀nbọ̀n àti àkekèé ni wọ́n rí níbẹ̀. Kódà eyín rẹ̀ ń jẹ́rìí sí i: ti ọmọ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe ń dàgbà ni eyín ẹ̀yìn kì í mú mọ́, tí ó máa ń nípọn, kí ó lè fi fọ́ karahun.

Nínú ilé, ìrẹ̀, eṣú, aáyán tí a sìn fún oúnjẹ, ekòló àti ìgbín ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bọ́ àwọn kòkòrò náà yó pẹ̀lú ẹ̀fọ́, kí ẹ sì wọ́n ẹ̀tù kálísíọ́ọ̀mù sí wọn lára. Ọmọ kékeré ń jẹun lójoojúmọ́. Àgbà lè jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ẹ tú kòkòrò sí orí iyẹ̀pẹ̀ kí ó fi ahọ́n wá wọn, kí ó sì hú wọn jáde. Ìwákiri yẹn pẹ̀lú jẹ́ ara ìtọ́jú.

Ẹ má ṣe ṣa kòkòrò tàbí ìgbín nínú ọgbà tí wọ́n ti fín oògùn sí, ẹ má sì fún un ní tanátaná láé, nítorí pé májèlé wà nínú rẹ̀ tó ń pa aláǹgbá. Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà ní láti rántí pé òfin kò gbà wọ́n láyè láti kó ìgbín ńlá ilẹ̀ wa wọlé tàbí láti sìn ín níbẹ̀; ìgbín kékeré tí wọ́n ń tà nínú agolo, tí kò ní iyọ̀, ni kí wọ́n lò.

Wọ́n sọ fún mi ní ibi tí mo ti rà á pé kí n máa fún un ní eku àti ẹyin. Ṣé òótọ́ ni?

Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún èmi náà. Alégbà yóò jẹ eku, yóò jẹ ẹ́ tìdùnnú-tìdùnnú, èyí ló sì ń mú kí ènìyàn rò pé eku tọ́ sí i. Ọ̀rá inú eku pọ̀ ju ohun tí ara rẹ̀ wà fún lọ. Yóò kún un nínú ikùn, yóò bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ẹran náà yóò sì máa wọ́ ikùn nílẹ̀ nígbà tí olówó rẹ̀ ń yangàn pé ó sanra. Mo ti rí èyí tí kò lè gbé ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀ mọ́, tí ẹni tó ni ín sì ń fi àwòrán rẹ̀ han ènìyàn pẹ̀lú ìfẹ́. Ìfẹ́ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹran.

Eku kékeré kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò ní pa á. Oúnjẹ ajá, oúnjẹ ológbò àti ẹran lílọ̀ kò yẹ ẹ́ rárá.

Ṣé ó nílò omi púpọ̀?

Ẹ gbé ọpọ́n tí gbogbo ara rẹ̀ lè wọ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé inú omi náà ni yóò máa yàgbẹ́ sí. Ẹ máa wo apá funfun tó wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀: bí ó bá rọ̀, tí ó funfun, omi tó lára rẹ̀, bí ó bá le, tí ó sì pọ́n bí ìyeyè, kò tó.

Ó ń fẹ́ bí ejò, ó sì ń fi ìrù nà mí. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ mí?

Ẹ̀rù ló ń bà á. Lójú ọmọ alégbà, ọwọ́ tó bá ti òkè wá jẹ́ ẹsẹ̀ àṣá. Fún oṣù àkọ́kọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Oúnjẹ àti omi nìkan ni kí ó gbé yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa jókòó sí ẹnu àgò, kí ẹ máa fi ẹ̀mú gígùn na kòkòrò sí i. Ní ọjọ́ tí ó bá fúnra rẹ̀ wá fi ahọ́n oníméjì rẹ̀ tọ́ ọwọ́ yín wò, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan gba oṣù mẹ́ta, àwọn mìíràn gba ọdún méjì, àwọn kan kò sì ní fẹ́ kí a gbé wọn láéláé. Ẹ má fi agbára mú un, ẹ má sì fa ìrù rẹ̀, nítorí pé ìrù alégbà tó bá gé kì í hù padà bí ti aláǹgbá ara ògiri.

Bí ẹ̀rù bá bà á gidigidi, ó lè dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ó fi ẹnu di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mú, kí ara rẹ̀ sì di òrùka, bí ẹni tó ti kú. Nígbà tí tèmi kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti ń wá ibi tí màá sin ín sí. Ẹ gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ kúrò níbẹ̀, yóò dìde.

Ṣé mo lè fi méjì sínú àgò kan?

Rárá. Èyí tó lágbára yóò gba ibi ooru àti oúnjẹ, ìkejì yóò máa rù láìjẹ́ pé ẹ rí wọn kí wọ́n jà.

Kò jẹun mọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wọn ooru ibi tí ó ti ń yá oòrùn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ wò ó bóyá ó fẹ́ bọ́ awọ, tàbí bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé yín ni. Nínú ìgbẹ́ pàápàá, alégbà ọ̀dàn máa ń jẹun dáadáa ní ìgbà òjò, kí ó sì fara mọ́ ìwọ̀nba ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà àgbà tó sanra níwọ̀n lè fi oúnjẹ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìsí ewu. Ọmọ kékeré kò ní irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ lára. Bí kò bá jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà.

Báwo ni màá ṣe mọ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá?

Àwọn àgbà ti sọ ọ́: gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ọ̀rọ̀ alégbà ti rí gan-an nìyẹn. Kì í ké, kì í sunkún, ó sì máa ń fi àìsàn pamọ́ títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Nítorí náà, ẹ máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé náà yóò rí ohun tí ojú yín kò rí.

Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, tí àgbọ̀n rẹ̀ rọ̀, tàbí tí eegun rẹ̀ wọ́, kálísíọ́ọ̀mù tàbí UVB kò tó. Bí oríkèé ìka tàbí orúnkún rẹ̀ bá wú, tí kò sì fẹ́ kí a fi ọwọ́ kàn án, ó lè jẹ́ gout, àìsàn tó ń mú kí oríkèé wú, kí ó sì máa dunni, tí ń wá láti inú àìtó omi, kíndìnrín tó ti bàjẹ́ àti oúnjẹ tí kò yẹ. Bí itọ́ bá ń hó ní imú tàbí ẹnu rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá kàn la ẹnu sílẹ̀ lábẹ́ gílóòbù, tí ẹnu náà mọ́, ara rẹ̀ ló gbóná. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àìsàn wọ̀nyí tí a ń fi àgbo wò. Kì í ṣe gbogbo dókítà ẹranko ló mọ ti afàyàfà, nítorí náà ẹ wá èyí tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó ra ẹran.

Ṣé ó lè kó àrùn ràn wá?

Ó lè kó kòkòrò àrùn Salmonella ràn yín, kódà bí ara tirẹ̀ bá le koko. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ nígbàkígbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án tàbí ohunkóhun tó wà nínú àgò rẹ̀, ẹ má sì fọ abọ́ rẹ̀ ní ibi tí ẹ ti ń fọ abọ́ oúnjẹ. Ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 wà, tàbí aláboyún, tàbí arúgbó, tàbí ẹni tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, kí wọ́n rò ó dáadáa kí wọ́n tó mú un wọlé.

Abo ni tèmi, kò sì sí akọ. Ṣé ó lè ní ẹyin?

Ó lè ní in, bẹ́ẹ̀ ni akọ àti abo kò sì rọrùn láti dá mọ̀ lójú. Nígbà tí abo bá fẹ́ yé, yóò kọ oúnjẹ, yóò máa gbẹ́ ilẹ̀ kiri láìsinmi. Bí kò bá rí iyẹ̀pẹ̀ tó jìn, tó lọ́rinrin, tó sì lọ́wọ́ọ́wọ́, ó lè di ẹyin mọ́ inú, ẹyin náà sì lè pa á. Ìdí kejì nìyí tí n kò fi ń yí ọ̀rọ̀ sẹ̀ǹtímítà 60 padà.

Ọdẹ kan ní òun lè bá mi mú ọ̀kan láàyè ní ìgbẹ́. Ṣé kí n gbà á?

N kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Èyí tí pàkúté mú sábà máa ń ní egbò, àgbà tó ti mọ ìgbẹ́ kì í sì í tètè gba àhámọ́. Ọ̀pọ̀ ni yóò fi imú gbo ara àgò títí yóò fi di egbò. Bí ó bá sì jẹ́ awọ́nrínwọ́n odò ni ó mú wá, òmíràn lè gùn tó mítà 2, adágún omi ni ó nílò, kò sì rọrùn láti sún mọ́.

Kí ni òfin sọ?

Gbogbo ìdílé Varanus ló wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́, nítorí náà kò sí ẹni tó lè gbé e kọjá ẹnubodè orílẹ̀-èdè láìsí ìwé àṣẹ, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan nínú àpò ìrìnàjò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìtọ́jú ẹranko ti ọdún 2006 fi dandan lé e pé kí ẹni tó ń sin ẹranko pèsè ibùgbé àti oúnjẹ tó yẹ ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, ìlú sí ìlú ni òfin fi yàtọ̀. Ẹ béèrè ní ìlú tí ẹ ń gbé, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ onílé bí ilé náà kì í bá ṣe tiyín.

N kò lè tọ́jú rẹ̀ mọ́. Ṣé mo lè tú u sílẹ̀ sínú igbó?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òtútù ni yóò pa á, kò sì ní yára pa á. Ní ibi tó bá gbóná, ewu mìíràn wà: ní Cape Coral ní ìpínlẹ̀ Florida, awọ́nrínwọ́n odò tó bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn ti ń bí sí i láti nǹkan bí ọdún 1990, wọ́n sì ń jẹ ẹyin àti ọmọ àwọn ẹranko ibẹ̀. Ní ọdún 2021, Florida fi í sínú àwọn ẹranko tí kò sí ẹni tó gbọdọ̀ sìn mọ́ fún ìgbádùn ara rẹ̀. Bí ẹ bá sì tilẹ̀ wà ní ilẹ̀ tiwa níbí, èyí tó ti wà nínú àhámọ́ lè gbé àrùn lọ bá àwọn tó wà nínú ìgbẹ́.

Ẹ kàn sí àwọn tó ń gba ẹranko afàyàfà sílé, tàbí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún wọn nípa ohun tó ti ń jẹ àti àìsàn tó ti ṣe é. Bí ẹ bá lè fi àgò, iná àti ìwé ìwọ̀n rẹ̀ tẹ̀ lé e, yóò rọrùn fún ẹni tó bá gbà á láti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ dé.